Ilé tí kò ní jẹ iná jù: kí ni ìlànà ìjọba sọ gan-an, ta ló sì kàn?

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lónìí, ì báà ṣe ní Ìbàdàn, ní Mowé tàbí ní Lẹ́kí, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ ó gbọ́ nípa ilé àti iná. Ẹnìkan á ní ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan kéèyàn tẹ́ ohun ìdènà ooru sábẹ́ páànù. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, pé òfin òyìnbó ni, kò kàn wá. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ á ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti ra sólà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò di òtítọ́ díẹ̀ mú, kò sì sí èyí tó gbá gbogbo rẹ̀ mú. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tún ilé ṣe ni a kọ àlàyé yìí fún: ohun tó wà nínú ìwé, ẹni tó láṣẹ láti fi múni, àti ohun tí káfíńtà, bíríkìlà àti oníṣẹ́ iná ní láti ṣe kí ilé náà tó yege.

Kí ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ariwo?

Owó ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, iye tí à ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníbàárà Bándì A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, máa san ₦225 lórí yúnìtì kan tí wọ́n ń ra ní ₦68 tẹ́lẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ kò padà síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦210 ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ amúlétutù 1.5 HP tó ń fa 1,250 wáàtì, bó bá fi wákàtí 6 ṣiṣẹ́ láìsinmi lóru, yóò jẹ yúnìtì 7.5, ìyẹn ₦1,575. Ní oṣù kan, ó ti ju ₦47,000 lọ, yàrá kan ṣoṣo sì nìyẹn. Láìsinmi ni a wí o, torí pé nínú ilé tí kò gbóná jù, ẹ̀rọ náà á máa sinmi díẹ̀díẹ̀, owó náà á sì kéré sí èyí. Nínú ilé tí páànù rẹ̀ ti gba oòrùn láti àárọ̀, tí kò sì sí ohunkóhun láàárín páànù àti sílìn, kì í ráyè sinmi. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń béèrè ìdí tí ilé wọn fi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbúròó ìwé kan tó ti wà nílẹ̀ láti 2017.

Ṣé òfin ni, àbí àmọ̀ràn lásán?

Oṣù kẹjọ 2017 ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná, iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà ibẹ̀, gbé ìwé náà jáde. Building Energy Efficiency Code lorúkọ rẹ̀, BEEC ni wọ́n ń pè é. Ètò kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti orílẹ̀-èdè Jámánì ń náwó sí, tí GIZ, iléeṣẹ́ ìrànwọ́ ilẹ̀ Jámánì, ń darí, ló ṣèrànwọ́ láti kọ ọ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ayàwòrán-ilé ti ṣáájú rẹ̀ jáde ní 2016.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti wọ̀ ọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lórí ẹni tó láṣẹ lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Ní 2003, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ló wà. Àbújá, tó jẹ́ olú-ìlú, ni ìjọba àpapọ̀ ti lè pàṣẹ irú rẹ̀. Ìdájọ́ yìí ni ó fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà: ìlànà BEEC kò lè de ẹnikẹ́ni ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó tàbí Èkìtì àyàfi tí ìpínlẹ̀ náà bá fi í sínú òfin tàbí ìlànà tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé béèrè ni pé, "Ṣé ìpínlẹ̀ mi ti sọ ọ́ di tirẹ̀?" Ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ló lè dáhùn. Ní Èkó, LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, LASBCA ló sì ń yẹ ilé wò bó ṣe ń ga sókè. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní ọ́fíìsì ètò ìlú tiwọn, tó sábà máa ń ní ẹ̀ka ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó fún ayàwòrán-ilé, torí pé àtúnṣe lórí ìwé kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe lórí ògiri.

Ohun méjì mìíràn wà tí àwọn ènìyàn ń kó pọ̀ mọ́ BEEC. Àkọ́kọ́ ni òfin iná mànàmáná ti 2023. Òfin yẹn dá lórí ẹni tó lè pèsè iná àti ẹni tó lè tà á, títí kan ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ láti dá ọjà iná tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ bí ẹ ó ṣe kan òrùlé. Èkejì ni EDGE, ìwé ẹ̀rí tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, dá sílẹ̀. Ẹni tó bá wù ló ń gbà á. Ilé tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun dín iná, omi àti agbára tí wọ́n lò láti ṣe àwọn ohun èlò ìkọ́lé kù ní ìdá 20 nínú 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn akọ́lé-tà máa ń wá a láti fi fa oníbàárà àti ilé ìfowópamọ́. Kò sí ẹni tí yóò wó ilé yín nítorí pé ẹ kò ní in.

Kí ni BEEC béèrè gan-an?

Ohun mẹ́rin ló gbájú mọ́, kò sì sí èyí tó ṣòro láti lóye nínú wọn. Fèrèsé kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 20 nínú 100 ara ògiri ìta, àfi tí ẹ bá fi ìṣirò hàn pé ohun kan ń ṣíji bò ó. Iná tí ẹ fi ń ríran nínú ilé gbígbé kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 6 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan; ọ́fíìsì lè dé 8. Òrùlé gbọ́dọ̀ ní ohun ìdènà ooru tí ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní R, tó 1.25. Ẹ̀rọ amúlétutù sì gbọ́dọ̀ mú òtútù tó pọ̀ tó wá lórí iná tó ń fà: fún èyí tó ní ẹ̀yà inú àti ẹ̀yà ìta, kò gbọ́dọ̀ dín sí 2.8.

Ọ̀nà méjì ló wà láti yege. Ẹ lè tẹ̀lé àwọn ohun wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí onímọ̀ ṣírò gbogbo ilé náà pọ̀ kó sì fi hàn pé iná tí yóò jẹ kò ju ti ilé tó tẹ̀lé wọn lọ. Ọ̀nà kejì wúlò fún ilé ńlá. Fún ilé onílẹ̀ tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, àkọ́kọ́ ló rọrùn, òun náà ni a ó sì tẹ̀lé nínú àlàyé yìí.

Kí ló dé tí wọ́n fi tẹnu mọ́ òrùlé?

Nítorí pé níhìn-ín, òkè orí ni oòrùn ń gbà wọlé. Ní ọ̀sán gangan tí kò sí ìkùukùu, oòrùn lè da nǹkan bí wáàtì 1,000 sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100 ń gba nǹkan bí 100,000 wáàtì. Páànù dúdú, èyí aláwọ̀ kọfí tàbí aláwọ̀ eérú tí gbogbo ènìyàn ń rà báyìí, máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sára. Páànù funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń dá èyí tó pọ̀ jù padà. Páànù álúmíníọ́mù 0.55 mìlímítà lè pẹ́, kó má sì jò, ṣùgbọ́n kò dá ooru dúró rárá. Sílìn PVC kò fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. POP tó nípọn tó mìlímítà 12 kò dé 0.1 nínú 1.25 tí ìlànà béèrè.

Kí ló máa wá fún wa ní 1.25? Ìṣirò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìnípọn ohun náà, ní mítà, ni ẹ ó fi bí ó ṣe ń jẹ́ kí ooru kọjá pín. Òwú oníokùn gíláàsì, òwú oníàpáta, àti pákó fóòmù funfun tí wọ́n ń pè ní EPS kì í jìnnà sí 0.04. Mìlímítà 50, tó jẹ́ mítà 0.05, tí a bá fi 0.04 pín in, ó di 1.25. Ohun tí ìlànà béèrè kò ju mìlímítà 50 ohun ìdènà ooru gidi lọ, nǹkan bí ínṣì méjì. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ dáadáa, ooru tó ń gba òkè wọlé lè dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé oníyàrá mẹ́ta tí sílìn rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 120. Pákó fóòmù ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 kan ń bo mítà onígun mẹ́rin 2.88. Ẹ ó nílò 42, ẹ sì fi mẹ́rin kún un fún èyí tí wọ́n máa gé ṣòfò. Orí sílìn ni ó yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ sí, láàárín àwọn igi tó gbé sílìn dúró, kó kanra wọn gírígírí. Bí àlàfo bá wà, ooru á gba ibẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá lo òwú, káfíńtà kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sábẹ́ igi: òwú mìlímítà 50 tí wọ́n tẹ̀ di 25 ti pàdánù nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí òrùlé ṣì ṣí, tí wọn kò tíì kan sílìn, ni ó rọrùn jù láti ṣe é. Lẹ́yìn POP, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti rá kòrò gba inú òkè àjà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iṣẹ́ yìí máa ń bàjẹ́, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba:

Bébà dídán tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ páànù kò ní ìnípọn. Ó ń ṣiṣẹ́ nípa dídá ìtànṣán ooru padà, kò sì lè ṣe é bí ó bá lẹ̀ mọ́ páànù. Ó gbọ́dọ̀ ní àlàfo afẹ́fẹ́ tó mìlímítà 20 sí 25 níwájú ojú tó ń dán. Káfíńtà tó bá nà án fẹ́ẹ́ lórí igi, tó sì kan páànù lé e lórí tààrà, ti sọ ọ́ di bébà lásán. Ojú tó ń dán yẹ kó kọ sísàlẹ̀, torí pé èyí tó kọ sókè á kún fún eruku láàárín ọdún díẹ̀.

Wáyà iná tó ń gba inú òkè àjà kò gbọ́dọ̀ kan fóòmù EPS. Rọ́bà ara wáyà àti fóòmù náà máa ń jẹ ara wọn. Rọ́bà á le, á sì fọ́. Kí oníṣẹ́ iná fi wáyà sínú páìpù kí wọ́n tó tẹ́ fóòmù. Bákan náà, gílóòbù tó wọnú POP ń tú ooru sókè. Ẹni tó bá fi òwú tàbí fóòmù bò ó lè mú kó jóná. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yí i ká tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé a lè bò ó.

Òrùlé tó ń jò kò bá òwú rẹ́ rárá. Òwú tó bá ti mu omi kì í dá ooru dúró, ó wúwo, ó sì lè já POP lulẹ̀. Ẹ tún ibi tó ń jò ṣe kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn. Kí ihò afẹ́fẹ́ sì wà ní abẹ́ etí òrùlé, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì kí eku àti àdán má baà wọlé, kí ooru tó há sínú òkè àjà lè rí ọ̀nà lọ.

Fèrèsé ńkọ́? Ṣé wọ́n ní kí n kọ́ ilé olókùnkùn ni?

Rárá. Ẹ wo yàrá tí ògiri ìta rẹ̀ gùn tó mítà 3.6, tó sì ga tó mítà 3. Ara rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10.8, ìdá 20 rẹ̀ sì jẹ́ 2.16. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 kò tó 1.5. Ti ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 jẹ́ 2.16 gẹ́lẹ́. Fèrèsé tí a ti ń lò tipẹ́ nínú ilé wa ló yege yìí. Èyí tí kò yege ni gíláàsì mítà 2.4 sí 2.4 tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ báyìí: ó jẹ́ 5.76, ó ju ìdajì ògiri náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá òjìji fún un, kó sì lè fi ìṣirò rẹ̀ hàn.

Òjìji ni kókó. Ní ìhà gúúsù, oòrùn ọ̀sán kì í lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí dìgírì 60 lọ ní Èkó, kódà nínú oṣù kejìlá tó ti lọ sílẹ̀ jù. Etí òrùlé tàbí pẹpẹ kọnkéré tó yọ síta tó mítà 0.7 lókè fèrèsé tó ga tó mítà 1.2 ti tó láti bò ó ní ọ̀sán. Ní ìhà àríwá, ìdajì mítà tó. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló le: oòrùn ibẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń gba abẹ́ etí òrùlé wọlé. Níbẹ̀, fèrèsé kékeré, igi, tàbí ògiri oníhò ló ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá gbà, ẹ jẹ́ kí gígùn ilé náà na láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn kí ojú fèrèsé tó pọ̀ jù lè kọ sí àríwá àti gúúsù.

Àṣà òrùlé tí wọ́n fi ògiri pàràpẹ́ẹ̀tì bò mọ́lẹ̀ ló ń ba èyí jẹ́ jù lọ. Etí òrùlé ti pòórá, ojú fèrèsé ti wà ní gbangba oòrùn àti òjò. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ ní láti fi pẹpẹ sókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan.

Ó dára kí ẹ tún wo bí fèrèsé ṣe ń ṣí. Èyí tí wọ́n ń tì lọ tì bọ̀ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ń ṣí tán pátápátá. Fèrèsé méjì ní ògiri méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń mú afẹ́fẹ́ kọjá, fèrèsé ńlá kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó lọ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yà: ògiri oníhò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣíji bo yàrá, afẹ́fẹ́ tó ń gba ìhà kan wọlé tó ń gba ìhà kejì jáde. Kò tíì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ BEEC nígbà tí wọ́n kọ́ wọn.

LED ni gbogbo iná ilé mi. Mo ti yege nìyẹn, àbí?

Kò dájú. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 13.4, iye iná tí ìlànà gbà láyè fún un kò ju wáàtì 80 lọ. Gílóòbù LED mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9 kò ju 36 lọ. Ó yege. Gílóòbù àtijọ́ méjì, 60 àti 60, ti di 120. Ó kùnà. Ṣùgbọ́n ẹ wo pálọ̀ tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 30, tí POP rẹ̀ ní gílóòbù kéékèèké 24, wáàtì 7 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká tó mítà 20, tó ń jẹ wáàtì 10 lórí mítà kan. 168 àti 200, 368 ni. Iye tí ìlànà gbà láyè fún un kò ju 180 lọ. LED ni gbogbo rẹ̀, ó sì ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àwòrán POP, ẹ ka iye wáàtì, ẹ má ka ẹwà nìkan.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ amúlétutù yege?

Ẹ yí i padà kí ẹ ka bébà tó wà lára rẹ̀. Ẹ wá wáàtì òtútù àti wáàtì iná tó ń fà, kí ẹ fi èkejì pín àkọ́kọ́. 1.5 HP tó jẹ́ BTU 12,000 jẹ́ nǹkan bí wáàtì 3,500 òtútù. Bó bá ń fa 1,250, ẹ ó rí 2.8, bó bá ń fa 1,400, 2.5 ni, kò yege. Nígbà mìíràn, EER, ìyẹn ìwọ̀n òtútù lórí iná yìí kan náà, tí wọ́n kọ á jẹ́ 10 tàbí 11. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà dára ní ìlọ́po mẹ́rin; BTU ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ẹ fi 3.41 pín in kí ẹ tó fi wé 2.8.

Ẹ̀rọ tó dára tí wọ́n gbé sí ibi burúkú kò ní ṣe dáadáa. Ẹ̀yà ìta tí wọ́n kì sí àlàfo tóóró láàárín ilé méjì ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tú jáde padà sínú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó tóbi ju yàrá lọ á tètè mú un tutù, á sì pa kí ó tó fa ọ̀rinrin kúrò, ara á wá máa lẹ̀.

Wọ́n ń lo gíláàsì onípele-méjì ní London. Ṣé kí n kó o wálé?

Ìbéèrè yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn ará wa tó wà ní òkè òkun tí wọ́n ń kọ́lé sílé. Ní England, Part L ni apá òfin ilé kíkọ́ tó ń bójú tó iná, ó sì de gbogbo ènìyàn. Àtẹ̀jáde 2021 rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022, ní kí ooru tó ń gba ara fèrèsé tí wọ́n pààrọ̀ má ju 1.4 lọ ní ìwọ̀n U, tàbí kí fèrèsé náà wà ní ìpele B. Ìdí rẹ̀ ni pé òtútù wà níta, ooru wà nínú, wọn kò sì fẹ́ kí ooru jáde. Níhìn-ín, ìtànṣán oòrùn tó ń gba gíláàsì kọjá ni ìṣòro wa. Gíláàsì onípele-méjì tó mọ́ gaara ṣì ń jẹ́ kí ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ooru oòrùn wọlé. Owó ńlá lẹ ti ná, ooru ṣì ń wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ra gíláàsì pàtàkì, ìwọ̀n tí ẹ ó béèrè ni SHGC, ìyẹn ìdá ooru oòrùn tó ń gba gíláàsì náà kọjá. Bó bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn tó ń kọjá ṣe kéré sí. Pẹpẹ kọnkéré lókè fèrèsé sábà máa ń dín owó sí i, kì í sì í fọ́.

Ilé mi ti pẹ́. Ṣé ó kàn mí?

Ilé tuntun ni wọ́n ní lọ́kàn jù nígbà tí wọ́n ń kọ BEEC. Àmọ́ àtúnṣe ńlá tó nílò ìwé àṣẹ tuntun, bíi kíkọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé onílẹ̀, lè mú kí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ yín béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ilé tuntun. Fún ẹni tó kàn fẹ́ dín owó iná kù, ẹ tẹ̀lé ètò tó ná owó kékeré ṣáájú: gílóòbù, dídí àlàfo etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kíkun páànù ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá ti tó àkókò láti kùn ún, lẹ́yìn náà ohun ìdènà ooru lórí sílìn. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páànù, ìgbà yẹn gan-an ni ànfààní yín.

Ẹni tó fẹ́ ra sólà kí ó ṣe gbogbo èyí ṣáájú. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 1,250 wáàtì fún wákàtí 6 ń fẹ́ bátìrì tó lè gbé yúnìtì 7.5, bí ilé bá tutù débi pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ ìdajì àkókò yẹn, ìdajì bátìrì ló tó.

Kí ni àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ ń sọ?

Àwọn tó fẹ́ kí ó di dandan sọ pé ilé tí wọ́n bá kọ́ lónìí yóò wà fún 50 ọdún, àti pé ohun tí wọ́n bá fojú fò lórí àwòrán ni àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ yóò máa san lóṣooṣù. Àwọn akọ́lé-tà dáhùn pé owó sìmẹ́ńtì àti irin ti pọ̀ jù, oníbàárà kì í sì í béèrè ohun tó wà lórí sílìn, ojú ilé ló ń wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú ní ẹrù tiwọn: ilé tó ń wó ló ń gba àkókò wọn, wọ́n sì nílò ẹni tó lè ka ìṣirò R àti òjìji kí wọ́n tó lè fi í dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ibi tó le jù wà láàárín onílé àti ayálégbé. Onílé ló máa ra fóòmù, ayálégbé ló ń ra yúnìtì. Onílé kò rí èrè kankan níbẹ̀ àfi tí owó ilé bá lè pọ̀ sí i. England kojú irú ìṣòro yìí nípa fífi ìpele sí ilé láti A dé G nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní EPC. Láti oṣù kẹrin 2020, onílé kò gbọ́dọ̀ fi ilé tí kò dé ìpele E háyà fún ènìyàn, àyàfi tó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ní ìdí tí òfin gbà. Àwọn kan ń béèrè irú rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé onílé yóò gbé gbogbo owó náà lé ayálégbé lórí nígbà tí ilé kò tó.

Mo fẹ́ gba àpúrúfù. Kí ni kí n rí i pé ó wà nínú àwòrán?

Ẹ ní kí ayàwòrán-ilé fi ohun ìdènà ooru hàn nínú àwòrán òrùlé tí wọ́n là sí méjì, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ìnípọn rẹ̀ síbẹ̀. "Insulation" lásán kò tó, torí pé káfíńtà yóò fi bébà dídán dípò rẹ̀. Kí àtòjọ fèrèsé sọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìhà tó kọjú sí, bó ṣe ń ṣí, àti ohun tó ṣíji bò ó, kí ìṣirò ìdá 20 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí àwòrán oníṣẹ́ iná sọ iye wáàtì yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí ibi tí ẹ̀yà ìta ẹ̀rọ amúlétutù yóò wà ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan náà ni kí ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú kọntirákítọ̀, kí ẹ sì dá díẹ̀ dúró nínú owó rẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ti yẹ òkè àjà wò. Kí ẹ wò ó kí wọ́n tó kan sílìn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti rúlà: ẹ wọn ìnípọn ní ibi márùn-ún ó kéré tán, ní pàtàkì ní igun àti ní etí ògiri, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń fi àlàfo sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ tọ́jú bébà ara fóòmù àti ti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀ mọ́ ìwé ilé. Bí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilé náà, tàbí ẹni tó wá ṣe ìwé ẹ̀rí EDGE bá béèrè, ohun tí wọn kò lè rí mọ́ lẹ́yìn POP ni wọ́n máa fẹ́ rí.